Ohun Tó Sọ Alákàn Di Afẹ̀gbẹ́rìn

Nígbà láéláé, iwájú gan-an ni Alákàn máa ń rìn sí bíi ti gbogbo ẹranko. Ojú rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ nìkan ló sì ń rí. Ó níyàwó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Inú àbàtà tútù kan ni àwọn méjèèjì ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹranko yòókù.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Àbàtà gbẹ, ilẹ̀ sán kiri. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹyin kún abẹ́ ikùn Àwẹ̀ró fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin alákàn tí kò bá rómi kò lè dọmọ.

Erinmi, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, pe gbogbo ẹranko jọ sí ibi tí ọ̀nà gbé pín sí méjì.

Ó ní, "Ọ̀nà apá ọ̀tún yìí lọ sódò. Ẹni tó bá gbà á, yóò kọ́ omi í wẹ̀. Ọ̀nà apá òsì lọ sórí òkè. Ẹni tó bá gbà á, yóò kọ́ igi í gùn. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ méjèèjì. Kí oníkálukú mú ọ̀kan, kó sì máa lọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò rò ó pẹ́. Ó ní èkùrọ́ ló wu òun, ó sì gba ọ̀nà òkè. Kọ̀ǹkọ̀ ní omi ló wu òun, ó sì fò lọ sí ọ̀nà odò. Àwọn yòókù náà yan tiwọn. Ó wá ku Alákàn.

Alákàn bèèrè pé, "Bàbá, ẹ dákun, àwọn tó ń lọ sódò, ṣé wọ́n máa rí èkùrọ́ jẹ níbẹ̀?"

"Wọn ò ní rí i."

"Àwọn tó ń lọ sókè ńkọ́? Ṣé wọ́n máa rí edé jẹ?"

"Wọn ò ní rí i."

Alákàn mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí le, bàbá."

Erinmi wò ó títí. Ó ní, "Èmi ń lọ sódò ní tèmi," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ẹ wo ẹyin tó wà lábẹ́ mi yìí. Odò ni ká lọ."

Alákàn gbà. Wọ́n mú ọ̀nà odò pọ̀n. Wọ́n dé ìdí igi àràbà kan ni wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rín láti ọ̀nà òkè. Alákàn dúró.

"Àwẹ̀ró, ṣé o gbọ́ ẹ̀rín yẹn?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Bóyá inú wọn dùn ni."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn," ni Alákàn wí, ó sì yí padà.

Wọ́n padà sí oríta, wọ́n gba ọ̀nà òkè. Bí wọ́n ti gòkè díẹ̀, Alákàn bojú wẹ̀yìn, ó rí odò tó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rí Kọ̀ǹkọ̀ tó ń bẹ́ sómi jàbú, tó ń jáde, tó tún ń bẹ́ padà. Ọkàn Alákàn kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti dé oríta, Alákàn á ní, "Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ká ṣe é bí ẹni pé a ò tíì yan ọ̀kankan." Nígbà tó yá, ẹyin abẹ́ Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Èmi ti yan tèmi."

"Ṣùgbọ́n o ò tíì mọ ohun tó wà lókè."

"N ò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ yẹn ò sì ní pa mí. Ẹyin yìí ni ọ̀gbẹlẹ̀ máa pa." Ó gba ọ̀nà odò lọ, kò wẹ̀yìn.

Alákàn jókòó ní oríta. Ní báyìí, ìyàwó tún ti kún ohun tí kò fẹ́ pàdánù. Ó ronú títí, ọgbọ́n kan wá sọ sí i lọ́kàn. Àárín ọ̀nà méjèèjì ni àpáta wà lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú kòtò tóóró kan láàárín wọn. Ó ní, "N ó gba àárín. N ò ní gbójú kúrò lára ọ̀kankan nínú ọ̀nà méjèèjì."

Ó wọ kòtò náà. Ó kọjú sí ọ̀nà òkè, kí nǹkan kan má baà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn òun, ó wá ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ lọ sí ìhà odò. Àpáta ga jù ú lọ, nítorí náà ó na ojú kan sókè láti wo ọ̀nà òkè, ó na ìkejì láti wo ọ̀nà odò. Ó nà án, ó nà án, títí ojú méjèèjì fi yọ sókè bí ọmọ olú. Eruku ló rí lọ́tùn-ún. Eruku ló rí lósì. Gbogbo ẹranko ti kọjá tipẹ́.

Nígbà tó dé etí odò, ó bá Àwẹ̀ró nínú omi láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Díẹ̀ nínú ẹyin ti gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti dọmọ.

"Ìgbà wo ni wọ́n jáde?"

"Láàárọ̀ ni," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ó dùn ún wò. Ó yẹ kí ẹ ti wà níbẹ̀."

Ibi tí Alákàn dúró sí gan-an ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wá mumi. Àṣé ọ̀nà òkè náà yí po, etí odò yìí kan náà ló já sí.

Alákàn sún mọ́ ọn kíá. "Ọ̀rẹ́, kí ló wà lókè?"

"Èkùrọ́ wà," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ìjàlọ náà wà. Odò ńkọ́?"

"N ò tíì wọ̀ ọ́."

Àwẹ̀ró pè é pé kó wá kọ́ omi í wẹ̀ lọ́dọ̀ Kọ̀ǹkọ̀. Alákàn fẹ́ rìn lọ tààrà, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un, ẹ̀gbẹ́ ló tún gbà. Ó fẹ́ fa ojú rẹ̀ wọlé, kò wọlé mọ́. Ó ní, "Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ gbà ná." Ó gbẹ́ ihò sí etí odò, níbi tí kì í ṣe inú omi, tí kì í ṣe orí ilẹ̀, ó wọ inú rẹ̀, ó yọ ojú síta. Àwọn ọmọ wò bí bàbá wọn ṣe ń rìn, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ wọ́ tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni alákàn ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn, tí ojú rẹ̀ yọ síta gọngọ, tí kò mọ igi gùn, tí kò sì mọ omi wẹ̀ bí ẹja. Àwọn èèyàn a máa yìn ín pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwẹ̀ró kì í bá wọn jiyàn. Òun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe orí ló ń ṣọ́.