Ẹfúnyẹmí àti Àwọn Mẹ́ta Tí Ògiri Wó Lù

Obìnrin kan wà ní abúlé Òkè-Amọ̀ tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú àwọn tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá fẹ́ mú lọ. Kì í ṣe ewé ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, wíwò ni. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, yóò kọ́kọ́ wo àyà rẹ̀ bóyá èémí ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Egungun tó ṣẹ́ lè dúró dìgbà tó bá yá. Àwọn kan máa ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn ló ń tọ́jú. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà bí, Àjàgbé.

Ní ọdún kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, baba kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́yalé ń kọ́lé. Kújọrẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, kó àwọn ọ̀rẹ́ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún un. Àjàgbé àti Òjèdòkun wà lára wọn. Nítorí pé òjò ti ń ṣú, wọn kò jẹ́ kí ipele kẹta ògiri amọ̀ náà gbẹ kí wọ́n tó mọ ìkẹrin lé e. Ògiri náà fì, ó sì wó lu àwọn mẹ́ta yìí.

Kí Ẹfúnyẹmí tó sáré dé, wọ́n ti fà wọ́n jáde. Èrò pé lé Òjèdòkun lórí, ẹni tí egungun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́.

"Mo kú o! Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé mo ti kú!"

Àjàgbé fẹ̀yìn ti igi, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde ní apá rẹ̀. Kújọrẹ́ nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ bò ó dé ọrùn, Ọdẹ́yalé sì dúró tì í, ó ń yangàn.

"Ẹ wo ọmọlúàbí! Ògiri wó lù ú, kò ké. Ó mọ̀ pé iwájú àna lòun wà. Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀."

Bí Ẹfúnyẹmí ti rí ọmọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ayọ̀ká, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti fi ìborùn bojú ní tirẹ̀, ó ń ké. Ẹfúnyẹmí já ìborùn náà gbà, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó sì fi ọwọ́ Ayọ̀ká lé e.

"Ọkọ mi, ẹ fi gbogbo agbára yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣí i wò rárá."

Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè, tó sì rí i pé aṣọ tó wà láyà Kújọrẹ́ kò gbéra. Ó dìde.

"Ìyàwó! Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Ayọ̀ká pariwo. "Ọmọ rẹ ló ń kú lọ yìí, ìwọ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sùn!"

"Kò sùn."

"Ta wá lò ń sunkún fún?"

"Àjàgbé ni. Omijé mi, tirẹ̀ ni. Ojú mi, ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni."

Òjèdòkun di aṣọ rẹ̀ mú bó ti ń kọjá. "Ìyá, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò! Òkú ni mí!"

"Òkú kì í pariwo tó báyìí. Máa ké lọ, ọmọ mi. Ẹ̀yin èèyàn, bó bá dákẹ́, ẹ tètè pè mí."

Ó ṣí aṣọ kúrò lára Kújọrẹ́. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú, amọ̀ sì dí i lẹ́nu. Ẹfúnyẹmí dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fa amọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Èémí kò wá. Omijé rẹ̀ ń kán sí ọmọkùnrin náà lọ́rùn. Ó gbá a lẹ́yìn, ó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́, òkúta kan sì tẹ̀ lé ìka rẹ̀ jáde.

Kújọrẹ́ wúkọ́. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi igbe ta, igbe tó bo ti Òjèdòkun mọ́lẹ̀.

"Ké, àna mi!" Ọdẹ́yalé ń fò sókè. "Ké dáadáa! Mi ò bínú!"

Nígbà tí Ẹfúnyẹmí padà dé ọ̀dọ̀ Àjàgbé, Ayọ̀ká ṣì ń tẹ ojú ọgbẹ́ náà, kò ṣí ìborùn náà. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹfúnyẹmí dì í, kó tó lọ to egungun Òjèdòkun. Títí oòrùn fi wọ̀ ló ń ti orí ẹní kan bọ́ sí òmíràn, tó ń gbọ́wọ́ lé wọn láyà, tí omijé rẹ̀ kò sì gbẹ.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yè. Àwọn ló bo òrùlé ilé náà, Òjèdòkun ń tiro, ó ń pàṣẹ. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó Kújọrẹ́, Ayọ̀ká dìde láàárín èrò, ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, ohun tí ẹnì kan kò rí rí.

"Èmi fi ìborùn bojú lọ́jọ́ náà, n kò sì rí nǹkan kan," ó ní. "Obìnrin yìí sunkún jù mí lọ, ó sì rí ẹni mẹ́ta."

Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ìbànújẹ́ bá fẹ́ dí lójú pé: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.