Ẹlẹ́rìí Ẹyẹ Ọlọ́rùn Pupa

Ọkùnrin kan wà tó máa ń mú àlejò gun òkè. Òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu kì í fi kúrò nínú igbó rẹ̀, tí omi sì ń kán láti ara ewé bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ọrùn rẹ̀ pupa yòò, a sì máa dúró nínú afẹ́fẹ́ fa oje òdòdó mu. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi wá a, kò rí i. Kò sí ohun tó wù ú láyé ju kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ti rí ẹyẹ náà sí.

Àṣà àwọn afinimọ̀nà òkè ọ̀hún ni pé ojú ẹnì kan kò tó. Ẹni tó bá rí ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ pe afinimọ̀nà mìíràn wá wò ó. Bí ìyẹn bá ní òun náà rí i, wọn á kọ orúkọ àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá ní òun ò rí i, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Obìnrin kan wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta tó fi sáré sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀. Mo ti rí i!"

Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta á. Oṣù mẹ́ta péré! Ta ló tilẹ̀ fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn án, bí kì í bá ṣe òun? Ìlara ni, kò lórúkọ mìíràn.

Wọ́n dé ìdí igi náà. Ìkùukùu ṣí díẹ̀, ẹyẹ náà sì yọ síbi òdòdó kan tí ọwọ́ ọkùnrin náà lè tó. Ó rí ọrùn pupa náà. Ó gbọ́ bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ń kùn. Fún ìgbà díẹ̀, ó gbàgbé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbẹ́, ó rí ẹ̀rín lójú obìnrin náà, inú rẹ̀ sì korò.

"Ẹ rí i, àbí?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Labalábá lo rí."

Obìnrin náà ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n." Wọn ò kọ nǹkan kan sínú ìwé.

Ọkùnrin náà gun òkè yẹn títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un, kò tún fojú kan ẹyẹ náà mọ́. Àwọn àlejò a máa bi í pé, "Bàbá, ẹ̀yin ti rí i rí?" Yóò la ẹnu, yóò rántí obìnrin náà, yóò ní, "Rárá o." Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kò lè sọ fún un.

Ìwọ náà tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, má tíì dá mi lóhùn. Mo gbọ́ ohun tó o sọ lánàá nípa olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá, pé o ò rí iṣẹ́ rere kan tó ṣe tó fi yẹ ní ọ̀gá. O rí i. Ìṣojú rẹ ló ti ṣe é. Dìde, lọ bá a kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú, kí o sì sọ fún un pé o rí i.