Ọkùnrin Tó Fi Aago Rọ́pò Imú

Ọkùnrin kan wà tí ó dìde níwájú ọ̀pọ̀ èrò, tí ó ní, "Ohun tí ìyá kan fi ogójì ọdún mọ̀, èmi ti kó o sínú aago kan ṣoṣo." Èrò pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ gàrí rẹ̀ ni. Ooru mú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kóòtù tuntun ló wọ̀, kò sì bọ́ ọ.

Ilé-iṣẹ́ náà tóbi. Ẹ̀rọ kan ń bó èèpo ẹ̀gẹ́, òmíràn ń rin ín, òmíràn ń fún omi rẹ̀ jáde, òmíràn ń yan án. Kí wọ́n tó fún un, táǹkì ńlá kan wà tí ẹ̀gẹ́ rírin ti ń dúró kí ó lè kan. Ẹ̀gẹ́ tí kò bá kan, oró ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á di ikùn mú. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n gàrí, ìdí táǹkì yìí ló wà.

Ìyá tí ó ń sọ yẹn, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni. Òun ló tọ́ ọ. Gàrí tó ń yan lẹ́yìnkùlé ló fi rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ láti máa pe ẹ̀gẹ́ ní orúkọ mìíràn. Ìyá yìí kì í ka ọjọ́. Á ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gẹ́, á bu díẹ̀, á fún un, á gbóòórùn rẹ̀, á fi kan ahọ́n, á wá sọ bóyá ó ti kan tàbí kò tíì kan. Bí o bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, á wò ọ́ bí ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń mí.

Nígbà tí ọkùnrin náà ń múra ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ẹnjiníà kan. Ẹnjiníà jókòó ti ìyá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú aago àti ìwé. Oṣù kẹta ọdún ni, nígbà tí páànù orí ilé ń ké nítorí oòrùn. Nígbàkígbà tí ìyá bá ní ó ti kan, ẹnjiníà á kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì àti wákàtí mẹ́fà. Ọjọ́ méjì àti wákàtí márùn-ún. Ọjọ́ méjì àti wákàtí méje. Ó ṣírò ìpíndọ́gba wọn, ó sì gbé èsì rẹ̀ sínú aago táǹkì. Ìyá bá wọn ṣe é tọkàntọkàn. Kò jẹ́ kí ẹnjiníà lọ sílé lọ́wọ́ òfo rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́, wọ́n ní kí ìyá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n ya fọ́tò. Àlejò pàtàkì kan tọ́ka sí i. Ó ní, "Màmá yìí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rí omi ẹ̀gẹ́ tó gbẹ sí etí ìró ìyá. Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe wa ni, sà. A máa dá wọn sílẹ̀ lópin oṣù."

Ìyá gbọ́. Ó dúró kí wọ́n ya fọ́tò náà tán, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Fún oṣù mẹ́fà, kò sí wàhálà. Ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀ ń ra gàrí lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Àwọn aláṣẹ sì ti sọ fún un pé bí ti ilé-ìwé yìí bá lọ dáadáa, gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà ni yóò máa jẹ tirẹ̀. Ó ti ń wá ilẹ̀ tí yóò fi kọ́ ilé-iṣẹ́ kejì.

Ọyẹ́ bá dé. Ọyẹ́ ọdún náà le. Nínú òtútù, ẹ̀gẹ́ kì í tètè kan. Gbogbo ẹni tó bá ti yan gàrí rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aago kò yan gàrí rí. Nígbà tó pé ọjọ́ méjì àti wákàtí mẹ́fà, táǹkì ṣí, ẹ̀gẹ́ tútù bọ́ sínú ẹ̀rọ ìfún.

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ nídìí táǹkì gbóòórùn rẹ̀. Ó lọ bá ọkùnrin náà. "Ọ̀gá, ẹ̀gẹ́ yìí ò tíì kan o."

"Aago ní ó ti kan."

"Ẹ ní kí aago tọ́ ọ wò, sà."

Wọ́n ní kí ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ ẹ̀bà. Wọ́n gbé mọ́kànlá nínú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí èyí tó kú, a dúpẹ́. Ọkọ̀ ilé-ìwé kó gbogbo àpò gàrí padà, wọ́n sì tò ó sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, níbi tí gbogbo ìlú ń gbà kọjá. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ilé-ìwé ìpínlẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin náà lọ wo àwọn ọmọ. Obìnrin kan ń ra ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni gàrí náà, sà?"

Ó ní, "Èmi ni."

"Ṣé òun náà lẹ ń jẹ nílé?"

Gàrí tó ń jẹ nílé, ìyá ló ń fi í ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ fọ́tò yẹn, ìyá kò dá gàrí náà dúró fún oṣù kan, òun náà kò sì dá a padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ìyá lẹ́yìnkùlé. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ìyá ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wo táǹkì náà."

"Aago ti kú ni?"

"Kò kú, mà."

"Ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

Ìyá ní, "A jẹ́ pé aago dáadáa ni." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti àpótí kan sí i, ó na ọ̀bẹ sí i. "N ò lè yọ imú mi fún ọ kí o gbé e lọ. Jókòó. Èèpo bíbó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀."

Ó fẹ́ tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó lanu. Ìyá ti ẹ̀gẹ́ sí iwájú rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ọ̀gá, n kò bá ẹ̀rọ jà. Èmi náà kì í fọwọ́ fọṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí wọn kò wo ọwọ́ ẹnìkan kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni náà lè ṣì wà láàyè. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ lo jẹ wá síbí yìí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni, pè é bí o ṣe ń pè é nílé. Bí o bá sì ti pè é ní nǹkan mìíràn, má jókòó sí ọ́fíìsì kí o máa wá ọ̀rọ̀ dídùn tí o máa sọ. Lọ bá a, kí o bá a ṣiṣẹ́.

Ọyẹ́ méjì ni ọkùnrin yẹn ti lò lórí àpótí náà. Bó bá ní ẹ̀gẹ́ ti kan, ó ṣì ń ṣì í sọ, ìyá ṣì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ wò. Kò tíì rí ẹnu tọrọ àforíjì náà. Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, má kí i ní alága bí wọ́n ṣe ń kí i nílé-iṣẹ́. Á kàn tẹrí ba sórí ẹ̀gẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́.