Àjàpá Fi Etí Ilẹ̀ Mú Oko

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi kò balẹ̀ lọ́nà jíjìn, etí odò ló já sí. Ó bá Àjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀, ó bá Ọ̀yà, opó tó ń hun ẹní.

Ní ìgbà kan rí, Erin ọba ẹranko fún àwọn méjèèjì ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọ́n bá a ṣán igbó. Ọmọ mẹ́rin ni Ọ̀yà ń dá tọ́. Bí iṣu rẹ̀ kò bá tó lọ́dún náà, ebi ni yóò pa wọ́n títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá.

Ilẹ̀ kan rí gbọọrọ bí ọ̀nà: ọ̀pá méjìlá ni òòró rẹ̀, ọ̀pá méjì péré ni ìbú rẹ̀. Ilẹ̀ kejì dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pá mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan.

Àjàpá mú ọ̀pá, ó wọn etí ilẹ̀ méjèèjì yípo. Ti gbọọrọ jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ti èkejì jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Inú rẹ̀ dùn. Ó tọ Ọ̀yà lọ, ó ní òun lòun dàgbà, òun ni yóò kọ́kọ́ mú, ilẹ̀ gbọọrọ ló sì wu òun.

Ọ̀yà ìbá dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò fi ìrẹ́jẹ tọ́ ọ.

“Bàbá, ẹ ṣe sùúrù,” ó wí. “Ẹ yí etí rẹ̀ po, ẹ kò tíì wo inú rẹ̀. Etí ẹní kọ́ là ń sùn sí.”

Àjàpá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni ahunní mọ̀ nípa ilẹ̀. Kí Ọ̀yà má baà gba ilẹ̀ gbọọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fà á lọ síwájú Erin, ó ní kí ọba pàṣẹ pé ẹni tó bá tún ń wá ilẹ̀ ẹnì kejì ni yóò ru gbogbo iṣu onítọ̀hún délé. Ọba pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Òjò rọ̀, wọ́n kọ ebè. Ebè kan gba ọ̀pá kan ní òòró, ọ̀pá kan ní ìbú. Àjàpá kọ ìlà méjì, ebè méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kà á, mẹ́rìnlélógún. Ó tún un kà. Ó yọjú sí oko Ọ̀yà: ìlà mẹ́fà, ebè mẹ́fà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógójì. Ó wá ku ọgbà, igi kan fún ọ̀pá kan. Àjàpá gé igi méjìdínlọ́gbọ̀n títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí Ọ̀yà gé mẹ́rìnlélógún, tirẹ̀ ti parí.

Ni Àjàpá bá gba ààfin lọ. Ó ní oògùn ni Ọ̀yà fi fa ilẹ̀ òun mọ́ tirẹ̀, kí ọba gba oko náà fún òun.

Gbogbo ẹranko péjọ. Ọ̀yà mú ọ̀pá. Ó wọn etí oko méjèèjì lójú wọn. Kò sí èyí tó yí padà. Ó wá ní kí ẹranko kọ̀ọ̀kan dúró ti ebè kọ̀ọ̀kan nínú oko Àjàpá. Ẹranko mẹ́rìnlélógún dúró, oko kún. Ó kó àwọn ẹranko yẹn kan náà wọ oko tirẹ̀. Ebè méjìlá ṣì wà tí kò rí ẹni dúró tì í.

“Kábíyèsí,” ni Ọ̀yà wí, “bí a bá ro ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, iye igi ọgbà la mọ̀. Bí a bá fi ìbú sọ òòró di púpọ̀, iye ebè la mọ̀. N kò fa ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí mò ń wọ̀n ni.”

Erin ní kí àṣẹ tí òun pa ṣẹ. Nígbà ìkórè, Àjàpá ru iṣu ebè mẹ́rìndínlógójì délé Ọ̀yà, ọrùn rẹ̀ wọ inú karawun.

Láti ọjọ́ náà ni Erin ti fi Ọ̀yà ṣe awọnlẹ̀ fún gbogbo igbó. Bí ó bá ń lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lé e, àgbà ẹranko a yà fún wọn lọ́nà. Àwọn ọmọ náà a sì máa sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé, “Ìyá wa nìyẹn.”

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí: ẹni tó yí etí oko po, ọgbà ló mọ̀, ẹni tó wọ inú rẹ̀ ló mọ oúnjẹ. Ojúkòkòrò kì í ní sùúrù àtiwọlé wò.