Díìsì Tó Ń Dán

Mọ́rádéyọ̀ agbẹ̀bí, tó ń fi jíìpù ńlá gbé àwọn aboyún sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, wá ra díìsì, irin roboto tí bíréèkì máa ń dì mú. Òǹtajà kan ní kó mú èyí tó ní ihò lára, èkejì ní èyí tó ń dán. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó mú èyí tó ń dán.

Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, díìsì gbóná, bíréèkì kò mú mọ́. Ebè iṣu ló dá jíìpù dúró. Orí ló yọ òun àti aboyún tó gbé.

“Tuntun ni mo rà,” ó sọ fún mẹkáníìkì. “Kí ló wá ṣe é?”

Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. “Ọkọ̀ kékeré lèyí wà fún, Màmá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.”

Mọ́rádéyọ̀ rántí àwọn òǹtajà méjèèjì. Kò sẹ́ni tó bi í pé irú ọkọ̀ wo ló ní, òun náà kò sì sọ.