Ìdí Tí Ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ Fi Ń Lù Kì-kì

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó ro oko níhìn-ín, ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ kì í mira. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àmù. Àyà ni ọkàn rẹ̀ wà, níbi tí ọkàn ẹni tó gbọ́n máa ń wà.

Ní ọdún kan, àìsàn kọlu Ẹtu. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ẹ̀jẹ̀ ń sáré nínú iṣan rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Bó bá rìn díẹ̀, á jókòó. Ó sì ní ọmọ méjì tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Bí Ẹtu bá kú, àwọn náà kú nìyẹn.

Àwọn ẹranko pé jọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìgbín, àgbà oníṣègùn. Ó fi ìwo lé àyà Ẹtu, ó ń ka bó ṣe ń lù.

Ó ní, “Ẹ ní sùúrù. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyí: ewé kan, igbá kan, ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá se àgbo ni yóò sì kọ́kọ́ mu ún.”

Ọ̀pọ̀lọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ ni ohùn wọn máa ń ròkè jù.

“Ọjọ́ márùn-ún! Bàbá Ìgbín, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin tí ẹ kúrò nílé lánàá, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín lónìí! Ewé méje ni èmi ó sè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí èkíní kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, èkejì á mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Ọmọ mi, bó bá woni sàn, èwo nínú wọn ló ṣe é? Bó bá sì pani, èwo ló pani?”

“Ìbéèrè ọ̀lẹ nìyẹn, Bàbá.”

Ó já ewé méje, ó sè é, ó bù ú kún igbá, ó gbé e lọ sẹ́nu Ẹtu. Ẹtu wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó la ẹnu.

Ìgbín ní, “Dúró ná! Ẹni tó bá se àgbo ńkọ́?”

Gbogbo ẹranko dáhùn: “Òun ni yóò kọ́kọ́ mu ún!”

Ojú ti Ọ̀pọ̀lọ́ láti tọ́ ọ wò díẹ̀ bíi ti àgbà. Ó gbé igbá, ó mu ún tán, ó tilẹ̀ lá ìdí igbá kí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ lè rí i.

Ewé kan ní kí ọkàn rẹ̀ sáré. Òmíràn ní kó dúró. Ẹ̀kẹta ní kó fò. Mẹ́rin tó kù ń bára wọn jà. Ọkàn tí ọ̀gá méje ń pàṣẹ fún kò mọ ti ta ni yóò ṣe. Ó kúkú di ẹrù rẹ̀, ó kúrò láyà, ó gòkè dé ọ̀fun, ó ń wá ọ̀nà àbájáde.

“Pa ẹnu rẹ dé!” Ìgbín kígbe. Ìgbà kan ṣoṣo tó yára láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀lọ́ pa ẹnu dé. Ọkàn há sí ọ̀fun.

Ìgbín wá se ewé tirẹ̀, ẹyọ kan. Ó mu díẹ̀, ó dúró, ó ka bí ọkàn tirẹ̀ ṣe ń lù, kó tó fún Ẹtu. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ẹtu dìde, ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń lù kì-kì, tó sì ń ké láì la ẹnu. Bó bá fẹ́ mú eṣinṣin, wàrà ló ń la ẹnu, wàrà ló ń pa á dé, kí ọkàn má baà fò jáde.

Bí ẹ bá bá a nídìí àmù, ẹ kí i dáadáa, oníṣègùn ni. Ẹ bi í pé ewé wo nínú méje náà ló ṣe é. Yóò wò yín, yóò ṣẹ́jú. Títí dòní, kò mọ̀ ọ́n.