Yúnyún Ayọ̀ka

Láṣebìkan hùwà ibi: ó fẹ́ pa irúgbìn opó kí ilé opó lè wó. A kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ayọ̀ka ni opó náà. Etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí kó tó kú. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ, títí ìpìlẹ̀ ilé fi yọ síta bí eyín arúgbó. Láṣebìkan aládùúgbò rẹ̀ ń retí kí ògiri wó, kí obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀, kí òun sì gba ilẹ̀.

Ayọ̀ka ronú kan yúnyún, igi wẹ́wẹ́ tí kì í ga ju orúnkún lọ, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú. Ó kó èso rẹ̀ jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ẹyọ kan kò hù. Lọ́dún kejì, ó po èso mọ́ yanrìn, ó fọ́n ọn sójú ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fi koríko gbígbẹ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń fi igbá bomi rin ín.

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, koríko lo wá ń gbìn báyìí? Àbí ewúrẹ́ lo fẹ́ ṣe lálejò?"

"Ẹ jẹ́ kó hù ná, Bàbá Moróhùnkẹ́jì. Ẹ̀yin náà á wò ó."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó hù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tutù yọ̀yọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Láṣebìkan mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí àdúgbò dá, ó bu eérú gbígbóná sínú agbọ̀n ògbólógbòó, ó gbé e lọ sórí òkè. Agbọ̀n náà ti lu. Eérú ń jò tẹ̀lé e. Bó ti ń dà á lé ewéko lórí, ìjì òjò àkọ́rọ̀ dìde, ó gbá eérú padà sí i lójú.

"Yéè! Ojú mi o!"

Àwọn ará ọjà tí òjò ń lé bọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀. Ayọ̀ka ló ṣíwájú wọn. Ó rí àwọn ewéko tó jó.

Ìyá arúgbó kan ní, "Láṣebìkan, ta ló kùn ọ́ lẹ́fun? Eérú ilé ta nìyí?"

"Ẹ má bi í," ni Ayọ̀ka wí. Ó nawọ́ sí ipa eérú tó lọ tààrà títí dé ilé ìdáná Láṣebìkan. "Ó ti júwe ilé ara rẹ̀." Síbẹ̀, ó bu omi, ó fọ ojú ọ̀tá rẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀nba ló jó. Àwọn ewéko tó kù sọjí. Kí ìgbà òjò tó wọlé tán, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pọ́n bí ìyeyè. Àgbàrá dé, ó kọjá lórí rẹ̀, kò lè mú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan lọ. Ìpìlẹ̀ ilé dúró digbí. Àwọn tó fi Ayọ̀ka rẹ́rìn-ín wá ń tọrọ èso lọ́wọ́ rẹ̀.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ sábẹ́ òkè náà. Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú tọmọdé tàgbà.

"Ayọ̀ka, mo ṣẹ̀ ọ́. Ilé rẹ ni mo fẹ́ wó, ojú ara mi ni mo fọ́. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń fi kọ́ ọmọ wọn pé: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.